Àrokò Ti Wà Nílẹ̀, Ta Ni Yóò Gbé E Dé Inú Eegun?

Bí ènìyàn bá dé Dichemso, àdúgbò elérò púpọ̀ kan ní ìlú Kumasi tí kò jìnnà sí Manhyia, ààfin Asantehene, tí ó pe àwọn ìyá jọ, tí ó sì sọ fún wọn pé àìsàn kan wà tí a máa ń bí mọ́ ọmọ, tí í máa fi eegun ro ọmọ náà bí òjò bá rọ̀ tàbí bí ọyẹ́ bá mú, kò tíì sọ ohun titun kankan. Àwọn Akan ti ní orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà tipẹ́: ahotutuo. Àwọn Gà tí wọ́n ni Accra ń pè é ní chwechweechwe, àwọn Ewe sì ń pè é ní nuidudui. Ọ̀jọ̀gbọ́n Felix Konotey-Ahulu, àgbà oníṣègùn ọmọ Ghana, tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ láti ìran dé ìran títí ó fi dé ọdún 1670.

Àwọn Yorùbá ní tiwọn sọ ọ́ ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò sì sí orúkọ tí ó lè ṣe àpèjúwe rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí ará ilé yóò ti máa sunkún, wọn yóò ti rò pé ọmọ ti lọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọmọ yóò dìde jókòó, yóò ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ. Ta ni yóò sọ iye ọmọ tí àwọn bàbá wa dá lápá, tí wọ́n kọ lára, tí wọ́n pè ní àbíkú, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dára? Yorùbá kì í sì í ṣe àlejò ní Kumasi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ìgbẹ̀tì àti Ṣakí ti fi ibẹ̀ ṣe ọjà, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, kí ìjọba Busia tó lé àjèjì ní Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ẹ̀jẹ̀ tí ń yọ àwọn ará Dichemso lẹ́nu, òun náà ni ó ń yọ àwọn ará Òkè-Ògùn lẹ́nu.

Ìgbà tí oníṣègùn James Herrick ti Chicago kọ ọ́ sínú ìwé ní 1910 ni àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada ni ó ń tọ́jú, ó wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà nínú ẹ̀rọ awòye, ó sì rí i pé àwọn ohun tí ó yẹ kí ó rí róbótó bí àkàrà tẹ́ bí dòjé. Nígbà tí ó di 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara ni àṣìṣe wà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí Vernon Ingram fi rí ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an. Ibì kan péré ni. Nínú ìwé àjogúnbá tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà. Ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Ṣé ohun kan náà ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀? Àmì orí kan ṣoṣo ni ó sọ ọkọ ìyàwó di ọkọ́ tí a fi ń roko. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan ṣe sọ ẹ̀jẹ̀ róbótó di dòjé. Ọmọ tí ó bá jogún àṣìṣe náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni àìsàn ń ṣe. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ níhà kan, tí a ń pè ní AS, kì í mọ̀ ọ́n lára, ibà kì í sì í tètè pa á ní kékeré. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí kò fi parẹ́ ní ilẹ̀ ẹ̀fọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS.

Ẹni tí ó sọ Kumasi di ìlú tí a kò lè yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong, ọmọ Ghana tí ó kàwé ní Yale, tí ó sì di àgbà oníṣègùn ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ kan ní àìsàn náà, nítorí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ní 1995, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ ní Ghana: ní Kumasi àti ní Tikrom tí ó jẹ́ ìletò ìtòsí, wọ́n ń gún gìgísẹ̀ ọmọ titun, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ kínún sórí bébà, wọ́n ń gbé e lọ yẹ̀ wò. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ọmọ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lé ní 200,000. Àwọn tí ó ní àmì àìsàn náà nínú wọn jẹ́ 3,745. Ìyẹn ni pé nínú ọmọ ọgọ́rùn-ún, méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Wọ́n wá àwọn ìyá wọn rí, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé ọmọ wá, wọ́n fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò pa ọmọ kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìròyìn dé pé wọ́n ti rí ìwòsàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Oṣù tí ó tẹ̀lé e, Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i. Ó ṣiṣẹ́, kò sí iyàn nínú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fún kò rí ìrora mọ́ fún ọdún kan gbáko àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò kọ́kọ́ fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn. Wọn yóò gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́, wọn yóò fi iná mànàmáná ṣí awọ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, kí irinṣẹ́ tí ń tún ìwé àjogúnbá ṣe lè wọlé. Nígbà tí èyí bá ti parí, wọn yóò fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n ń fún alárùn jẹjẹrẹ, pa gbogbo ìyókù tí ó wà nínú mùdùnmúdùn eegun, oògùn tí ó lè mú kí ènìyàn má bímọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dá àwọn tí wọ́n tún ṣe padà, aláìsàn yóò sì wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù méjì dọ́là àti 200,000 lé e. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni àwọn aláṣẹ gbà pé kí ìjọba máa san owó rẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí ènìyàn 50 lọ́dún ni wọ́n rò pé yóò kàn. Ẹ wá gbé èyí lọ sí Dichemso. Ilé ìwòsàn wo ni yóò ṣe é? Ìyálọ́jà wo ni yóò san án? Oògùn tí ó nílò gbogbo ìyẹn kì í ṣe oògùn àwọn tí àìsàn náà pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù lọ.

Kí ló wá fà á tí kò fi lè jẹ́ abẹ́rẹ́ kan péré? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn, tí ó bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì.

Láyé àtijọ́, bí ọba bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọba, àrokò ni yóò dì. Owó ẹyọ, ìyẹ́, okùn, èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ mu ni yóò so pọ̀. Àrokò lè péye tó báyìí, bí ẹni tí ó gbé e bá ṣubú lójú ọ̀nà, bí olè bá dá a lọ́nà, tàbí bí oníbodè kò bá jẹ́ kí ó wọlé, ọ̀rọ̀ ọba ti ṣòfò. Àwọn onímọ̀ ti mọ àrokò tí wọn yóò dì fún ẹ̀jẹ̀ dòjé. Ìránṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ rán, RNA ni, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú DNA tí sẹ́ẹ̀lì máa ń kà tí ó sì máa ń fi ṣiṣẹ́. Bí a bá gún un sínú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ yóò gé e jẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ yè é, kò lè gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, nítorí pé ọ̀rá ni awọ náà, RNA sì jẹ́ ohun olómi. Èyí tí ó tún burú ni pé irú agbára iná kan náà ni ó wà lára àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń ti ara wọn bí ẹnu òòfà méjì tí ó jọra.

Ìránṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ni fáírọ́ọ̀sì, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni kí ó máa gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Wọ́n á yọ oró rẹ̀, wọ́n á fi àrokò tiwọn sí i. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í gbàgbé ọ̀tá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18, Jesse Gelsinger, kú ní Philadelphia ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gún un ní irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ gbógun tì í kọjá àlà. Ikú yẹn dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì mú kí àwọn ènìyàn túbọ̀ fojú sí àwọn tí ń sọ pé a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ìránṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kòkòrò rárá.

Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe kò jìnnà sí ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe tí wọ́n bá ń se ọṣẹ dúdú. Epo àti omi kì í bára wọn ṣe ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá po àdín mọ́ omi eérú tí wọ́n sì gbé e ka iná, ohun kẹta yóò jáde tí orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, tí ìrù rẹ̀ sì fẹ́ràn epo. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi ń bá omi ṣí ọ̀rá kúrò lára aṣọ. Ọ̀rá tí ó wà ní awọ sẹ́ẹ̀lì, irú ohun olórí àti onírù bẹ́ẹ̀ ni. Ní nǹkan bí 1965, Alec Bangham, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí a bá da irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sínú omi, yóò ká ara rẹ̀ jọ di àpò róbótó, omi yóò sì wà nínú rẹ̀. Àpò nìyẹn, àrokò lè wọ̀ ọ́. Ní 1987, Philip Felgner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀rá kan tí kò sí ní ara ẹ̀dá kankan, wọ́n fún orí rẹ̀ ní agbára iná tí ó jẹ́ òdìkejì ti DNA, ó sì fà á mọ́ra pinpin. Ọ̀rá náà gbé DNA wọ inú sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Ayọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ dé inú ara, ohun gbogbo tí ó bá pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dì mọ́, ó sì ń ṣe ara ní jàǹbá. Ìránṣẹ́ tí ń bá gbogbo ènìyàn lọ́nà jà, ìgbà wo ni yóò jẹ́ iṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá ojútùú. Pieter Cullis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver ní Kánádà wà lára àwọn tí wọ́n rí i. Wọ́n ṣe ọ̀rá tí kò gbé agbára iná kankan nígbà tí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbé e mì, inú àpò kékeré kan ni yóò fi í sí, omi inú àpò náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan, bí omi ògì tí ó ti sun ọjọ́ mẹ́ta. Kíkan yẹn gan-an ni ó ń jí ọ̀rá náà. Agbára iná yóò dé sí i lórí, yóò fa awọ àpò náà ya, àrokò yóò sì bọ́ síta. Ẹni tí ó ronú èyí jinlẹ̀ yóò fi ọwọ́ bo ẹnu: ohun tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi pa ìránṣẹ́ ni ìránṣẹ́ fi ń ṣílẹ̀kùn. Síbẹ̀ ìwádìí kan tí ó jáde ní 2013 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àrokò tí ó wọlé, ọ̀kan tàbí méjì péré ni ó ń bọ́ síta láyọ̀, ìyókù ń ṣòfò sínú àpò. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì wà títí di òní olónìí, tí wọ́n ń gùn ìrù yìí, tí wọ́n ń gé tọ̀hún kúrú, tí wọ́n ń yí orí rẹ̀ padà, tí wọ́n sì ń dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ọ̀rá yẹn nìkan ni ó ń dá ìdì náà dì. Ọ̀rá mẹ́rin ni wọ́n ń pò, ọ̀kan lára wọn sì ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu dókítà. Ìdì kọ̀ọ̀kan kéré dé ibi pé, bí a bá to 1,000 wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìbú fọ́nrán irun orí kan lọ. Oògùn àkọ́kọ́ tí ó gba ọ̀nà yìí, Onpattro, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 2018.

Ọ̀pọ̀ àwọn ará Kumasi tí yóò ka èyí ni irú ìdì bẹ́ẹ̀ ti wọ ara wọn, kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2021, Ghana ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà lábẹ́ ètò COVAX, 600,000 ni iye rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ ni ìránṣẹ́ ti abẹ́rẹ́ yẹn, AstraZeneca. Ní agbègbè Ashanti, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ bá wọn gbé díẹ̀ lára rẹ̀ dé àwọn ibi tí ọ̀nà kò dára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Moderna tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dé láti Amẹ́ríkà. Ọ̀rá ni ìránṣẹ́ tirẹ̀. Ariwo pọ̀ nígbà náà, ní Kumasi àti ní Ìbàdàn, pé abẹ́rẹ́ náà yóò yí ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá ènìyàn padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. RNA inú rẹ̀ kì í dé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà. Sẹ́ẹ̀lì yóò kà á, yóò ṣe ohun tí ó kà, yóò sì fa ìwé náà ya láàárín ọjọ́ díẹ̀. Katalin Karikó àti Drew Weissman, àwọn tí wọ́n wá ọ̀nà tí ara kò fi ní máa gbógun ti RNA bẹ́ẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023.

Ṣé kí a wá ki ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ dòjé sínú irú ọ̀rá kan náà kí a sì gún un? Ọ̀nà ni kò lọ síbẹ̀. Bí ìdì ọ̀rá bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, èròjà kan tí í máa gbé ọ̀rá oúnjẹ káàkiri yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ yóò rò pé oúnjẹ òun ni, yóò sì gbé e mì. Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ wà ní ẹ̀dọ̀, oore ńlá ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn oníṣègùn Philadelphia kéde pé àwọn ti lo ọ̀nà yìí fún ọmọ ọwọ́ kan tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè fọ oró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí ó jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo náà, láàárín oṣù mẹ́fà ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ti ẹ̀dọ̀ ọmọ tí a ti bí wá, inú mùdùnmúdùn eegun ni. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Dallas fi hàn pé bí a bá fi ọ̀rá karùn-ún kún mẹ́rin àkọ́kọ́, ìdì náà lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí sí ọlọ́ inú, èyí tí ọ̀rá karùn-ún bá jẹ́ ni yóò pinnu. Ní 2023, àwọn kan ní Philadelphia tún so ohun kan mọ́ ara ìdì ọ̀rá, ohun tí ó ń dá àmì CD117 mọ̀, àmì tí ó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tí ń bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gún un sí eku lára, ó sì dé inú eegun rẹ̀. Kò sí pé wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì kankan jáde. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí Ohene-Frempong ti ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tí ó ṣe èyí náà. Eku ni o, kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀nà ṣì jìn láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tí ó bá sì ń ta irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí ní ọjà tàbí ní ilé àdúrà lónìí, gbájúẹ̀ ni.

Ohun tí ó yẹ kí ó dun olùkàwé ni pé nínú gbogbo orúkọ ìlú tí a dá wọ̀nyí, Vancouver, Dallas, Philadelphia, kò sí ọ̀kan tí ọmọ méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti ń bá àìsàn yìí wáyé. Ìjọba Amẹ́ríkà àti àjọ Gates fọwọ́ sí i ní 2019 pé àwọn yóò jọ ná ó kéré tán 200 mílíọ̀nù dọ́là láti wá irú ìwòsàn tí yóò dé ọ̀dọ̀ aláìní. Ẹ ṣeun, àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Afrigen ní Cape Town bẹ̀rẹ̀ ní 2021 láti kọ́ bí a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ RNA, tí àjọ ìlera àgbáyé sì yan Nàìjíríà mọ́ ara orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí wọn yóò kọ́ ní 2022, mélòó nínú àwọn aṣòfin wa ni ó béèrè ohun tí ìyẹn já sí? Kẹ́mísírì ọ̀rá kò béèrè wúrà. Ó béèrè iná tí kì í kú, yàrá tí ó mọ́, ẹ̀rọ díẹ̀ tí ó gbówó lórí, àti àwọn ọmọ tí wọ́n kàwé tí kò ní sá lọ. Kumasi ní yunifásítì KNUST tí ń kọ́ni ní kẹ́mísírì àti ìpoògùn, ó ní ibùdó ìwádìí KCCR lórí àrùn ilẹ̀ olóoru. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ náà ní tiwọn.

Kí ìyẹn tó dé, ohun tí ó wà nílẹ̀ kò kéré. Hydroxyurea, oògùn oníkóró tí ń dín ìrora kù, wọ inú ètò ìlera ìjọba Ghana ní 2022, aláìsàn kò níí fi gbogbo owó ọjà rà á mọ́. Ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994 ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì ń gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn. Ọmọ tí a bá tètè mọ̀ ni a lè tọ́jú. Nàìjíríà tí wọ́n ń bí nǹkan bí 150,000 irú wọn lọ́dún kò tíì lè sọ pé òun ń gún gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ titun.

Kumasi ti ń gún tirẹ̀ láti 1995. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn wọ ìwé nígbà náà, tí wọ́n sì yè é, ti pé ọgbọ̀n ọdún ní 2025. Bí ọjọ́ bá dé tí àwọn onímọ̀ ọ̀rá bá ń wá ibi tí wọn yóò ti dán abẹ́rẹ́ wọn wò lára ènìyàn, irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìlú. Ìgbà náà ni ó yẹ kí àwọn ará Kumasi náà béèrè tiwọn, kí wọ́n sì gbà á sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó na apá: èló ni ẹ ó máa tà á fún wa lẹ́yìn tí ẹ bá ti dán an wò lára wa tán?